Táyà òtútù, táyà ooru àti táyà ìgbà gbogbo: èwo ló yẹ ọkọ̀ tó ń rìn l'Ékòó?

Ẹ dé ìsọ̀ táyà tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ní Mùṣin, táyà tí ẹni tó ń tà máa kọ́kọ́ nawọ́ sí ni èyí tí eyín rẹ̀ nípọn jù, tó dúdú, tó sì rọ̀ lọ́wọ́. Á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ wo ara ẹ̀, kò tíì jẹ rárá." Òótọ́ ló sọ, kò tíì jẹ. Ohun tí kò sọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì lè má mọ̀, ni pé torí yìnyín ni wọ́n ṣe ṣe táyà náà. Jámánì, Sweden tàbí Kánádà ló ti wá, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní oríṣi táyà méjì fún ọkọ̀ kan ṣoṣo. Tí òtútù bá dé, wọ́n á wọ ọ̀kan. Tí ìgbà ooru bá padà dé, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wọ èkejì. Èyí tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín ló wá ń rìn lórí ọ̀dà gbígbóná l'Ọ́ṣòdì.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí pé táyà nìkan ni ohun tó ń fara kan ilẹ̀ lára ọkọ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fi ń tẹlẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Ibi kékeré mẹ́rin yẹn ló gbé ìwọ àti ìyàwó àti ọmọ dúró nígbà tí danfó bá dédé yà síwájú yín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí: fún ọkọ̀ tó ń rìn l'Ékòó, táyà ooru ló dára jù, táyà ìgbà gbogbo tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, táyà òtútù kò yẹ ká rà rárá, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, bó sì ti wù kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lórúkọ tó.

Ohun tó mú kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀

Rọ́bà ni gbogbo wọn, àmọ́ bí wọ́n ṣe po rọ́bà náà kò dọ́gba. Rọ́bà máa ń le nínú òtútù, ó sì máa ń rọ̀ nínú ooru. Nǹkan bí dígírì 7 lórí ìwọ̀n Celsius ni àwọn tó ń ṣe táyà fi ṣe ààlà. Tí ojú ọjọ́ bá ti lọ sísàlẹ̀ ìyẹn, táyà ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní lè di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe táyà òtútù. Wọ́n po rọ́bà rẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní le bí ilẹ̀ bá tiẹ̀ di yìnyín, wọ́n sì gé àìmọye ìlà tín-ín-rín sójú eyín rẹ̀, kí etí ìlà kọ̀ọ̀kan lè máa họ yìnyín bí táyà ṣe ń yí. Níbi tí yìnyín wà, ẹ̀mí ni táyà yìí ń gbà là. Mi ò bá a jà níbẹ̀.

Àmọ́ Èkó kì í tutù dé dígírì 7. Kódà nígbà ọyẹ́, ní ìdájí, ó ṣọ̀wọ́n kó lọ sísàlẹ̀ dígírì 20. Ọ̀sán oṣù Kejì àti oṣù Kẹta máa ń gun 33, ọ̀dà tí oòrùn sì ti ń pa láti àárọ̀ máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Tí rọ́bà tó ṣì rọ̀ nínú yìnyín bá dé orí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, á rọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, àwọn eyín tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ yẹn á máa tẹ̀ síwájú sẹ́yìn dípò kí wọ́n dúró gírí, ọkọ̀ á sì sún síwájú díẹ̀ sí i kó tó dúró. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Ìkòròdú, díẹ̀ yẹn náà ni àlàfo tó wà láàárín yín àti ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú. Bí eyín náà sì ṣe ń tẹ̀ síwájú sẹ́yìn ni ara táyà ń gbóná, tó sì ń jẹ wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì. Táyà tẹ́ ẹ rà nítorí pé ó nípọn á pá kí ẹ tó mọ̀.

Ní ti táyà ooru, rọ́bà rẹ̀ le níwọ̀nba, eyín rẹ̀ tóbi, ó dúró ṣinṣin, ó sì ní poro ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yí i ká tí omi òjò máa ń gbà jáde. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o: iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí orí ilẹ̀ gbígbẹ. Nínú òjò ilẹ̀ olóoru, òun ló mọ omi í tì kúrò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Táyà ìgbà gbogbo, èyí tí wọ́n kọ all-season sí lára, ló wà láàárín méjèèjì. Òun ni ó máa ń wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Camry, Corolla àti Accord tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé. Amẹ́ríkà kan náà tó ní yìnyín ló ní Texas àti Florida, torí náà àwọn tó ṣe é ro ti ooru mọ́ ọn. L'Ékòó, kò ní yín lára. Tó bá jẹ́ pé òun lẹ rí, tó jẹ́ tuntun, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ọkọ̀ yín mu, ẹ rà á.

Ká gbé méjì síwájú ara wọn

Ẹ mú àkísà tútù dání lọ sọ́jà, torí pé òróró dúdú tí wọ́n fi ń kun táyà kì í jẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn. Ká ní táyà méjì ló wà nílẹ̀, tí méjèèjì jẹ́ 195/65R15, ìwọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Corolla: 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a bá pín fífẹ̀ náà sí ọgọ́rùn-ún, 15 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Ẹ nu ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ rí àwòrán òkè kékeré kan tó ní ṣóńṣó mẹ́ta, tí nǹkan bí ìràwọ̀ olórígun mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ya yìnyín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ rí M+S, ìyẹn ẹrẹ̀ àti yìnyín (Mud and Snow). Ẹ rí 91T, nọ́ńbà ẹrù àti lẹ́tà eré tí mo máa ṣàlàyé níwájú. Ẹ wo ojú rẹ̀: gbogbo eyín ló ní ìlà tín-ín-rín tó ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, ẹ sì lè fi èékánná ṣí ìlà náà. Nínú orúkọ rẹ̀, ẹ lè rí Winter, Ice, Snow, Alpin, Blizzak tàbí Hakkapeliitta. Táyà òtútù nìyẹn. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti gbé e.

Ẹ nu èkejì. Kò sí òkè níbẹ̀. M+S lè wà níbẹ̀ o, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn: M+S nìkan kò sọ táyà di táyà òtútù, torí pé ọ̀pọ̀ táyà ìgbà gbogbo ló ní in. Òkè oníyìnyín yẹn lẹ máa wò. Lẹ́yìn náà, ẹ rí TREADWEAR pẹ̀lú nọ́ńbà, TRACTION A, TEMPERATURE A. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ sára táyà ọkọ̀ kékeré, àmọ́ òfin náà yọ táyà yìnyín sílẹ̀, ìyẹn ni ẹ kò fi ní sábà rí i lára ti àkọ́kọ́. Ti TEMPERATURE ló jẹ mí lógún jù. Ó ń sọ bí táyà ṣe lè fara da ooru tó bá ń sáré. A ló ga jù, B tẹ̀ lé e, C ló kẹ́yìn. Fún Èkó, ẹ má gba ohun tó bá rẹlẹ̀ sí A tí agbára yín bá gbé e.

Oríṣi kan tún wà tó lè rú yín lójú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe táyà ìgbà gbogbo tó lágbára débi pé ó gba àmì òkè oníyìnyín náà. CrossClimate ti Michelin jẹ́ ọ̀kan. Kò burú tó táyà òtútù gan-an, àmọ́ agbára yìnyín tẹ́ ẹ sanwó fún kò ní wúlò fún yín láéláé lórí títì Agége.

Táyà tó ti Finland tàbí Sweden wá lè ní ihò róbótó kéékèèké lójú eyín rẹ̀. Ìṣó irin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n yọ. Ẹ má tiẹ̀ béèrè iye rẹ̀.

Ìdí tí èyí tí kò dáa fi ń dán lójú jù

Ohun tó ń dùn mí ni pé fífi ojú lásán wo táyà kò gbe ẹni tó ń rà á. Táyà òtútù tuntun máa ń ní eyín tó jìn tó mìlímítà 8 tàbí 9, ó sábà máa ń ju ti táyà ooru lọ. Ní Austria, òfin ní táyà òtútù tí eyín rẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ mìlímítà 4 kò jẹ́ táyà òtútù mọ́. Ní Jámánì, mìlímítà 4 yẹn náà ni wọ́n máa ń gba awakọ̀ nímọ̀ràn pé kó má kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1.6 ni òfin sọ. Nítorí náà, wọ́n á yọ ọ́ dànù nígbà tí eyín ṣì wà dáadáa. Tó bá dé Mùṣin, á dà bíi tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ooru tí wọ́n lò dé mìlímítà 2 kí wọ́n tó jù ú sílẹ̀.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, oṣù mélòó kan péré ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Ìyókù ọdún, inú ilé ìkẹ́rù ló máa ń wà. Ọdún lè gorí ọdún kí eyín rẹ̀ tó jẹ dé ìdajì, rọ́bà inú rẹ̀ sì ti ń gbó ní gbogbo àsìkò yẹn. Eyín nípọn, ara ti darúgbó. Òun ló fi ń já sí méjì nígbà tí ẹ bá wà lórí eré.

Tòkunbọ̀ àbí tuntun?

Òfin kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Táyà àlòkù fún ọkọ̀ kékeré wà lára àwọn ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ Nàìjíríà fòfin dè pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọlé. Ó ń wọlé síbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀, ìdí sì wà tí ọjà rẹ̀ fi ń yá. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà dá ṣíṣe táyà dúró n'Íkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, àtòkèèrè ni ọ̀pọ̀ jù lọ táyà tí à ń wọ̀, owó dọ́là ló sì ń sọ iye tí a máa rà á.

Mo mọ bí owó ṣe rí lọ́wọ́ èèyàn. Síbẹ̀, tí ẹ bá gbé táyà tuntun tí orúkọ rẹ̀ kò gbajúmọ̀, tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà lọ́dún tó kọjá, síwájú mi, tí ẹ sì gbé tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá tó ti lo ọdún méje síwájú mi, tí iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ti Ṣáínà ni mo máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ kì í dá rọ́bà tó ti gbó padà.

Ọjọ́ orí táyà kò fara sin. Ẹ wá DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé e títí dé nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ni nọ́ńbà yìí sábà máa ń wà, torí náà tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ yí táyà náà padà. Níbí, ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC fi ṣe òpin ìlò táyà. Tí nọ́ńbà mẹ́rin náà bá ti họ, tàbí tí wọ́n fi nǹkan gbo ó, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé.

Tuntun náà ní àrékérekè tirẹ̀. Àwọn kan máa ń ki táyà mẹ́ta mẹ́rin bọ inú ara wọn kí wọ́n lè kó púpọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan. Tí wọ́n bá fà wọ́n yọ, wáyà tó wà ní etí táyà ti tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ká. Ẹ fi ọwọ́ yí etí inú rẹ̀ po; tó bá ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, tí kò rí róbótó, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi irin gbígbóná gbẹ́ poro sójú táyà tó ti pá, kó lè dà bí ẹni pé eyín ṣì wà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ poro. Táyà tó jẹ́ ojúlówó ní afárá rọ́bà kéékèèké tó dábùú inú poro, gíga wọn jẹ́ mìlímítà 1.6, òun ló ń sọ ìgbà tí eyín bá tán. Níbi tí wọ́n bá ti fi irin gbẹ́ poro, afárá yẹn kì í sí mọ́, ìsàlẹ̀ poro á sì rí ṣákaṣàka.

Tó bá di dandan kó jẹ́ tòkunbọ̀ lowó lè ká, ẹ ní kí fọkanáísà tú u kúrò lára rímù, kí ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àbùlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, wíwú, tàbí òrùka dúdú tó yí inú ẹ̀gbẹ́ ká, èyíkéyìí nínú wọn tó láti kọ̀ ọ́. Òrùka dúdú yẹn ń sọ pé wọ́n ti fi rìn nígbà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó.

Nọ́ńbà ẹrù àti lẹ́tà eré

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 615, 94 jẹ́ 670, 98 jẹ́ 750. Nọ́ńbà tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ má lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tó ń fi Sienna kó èrò àti ẹrù. Q jẹ́ eré kìlómítà 160 ní wákàtí kan, T jẹ́ 190, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ sá 210. Lẹ́tà tó ga ń sọ pé táyà náà fara da ooru eré ju èyí tó rẹlẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ táyà òtútù, Q tàbí T ni. Ọkọ̀ èrò bíi Hiace, táyà tó ní C nínú ìwọ̀n rẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ti ọkọ̀ kékeré kò lè ru ẹrù yẹn.

Lẹ́kkí àti Mùṣin kò rí bákan náà

Tó bá jẹ́ apá Àílàńdì lẹ ti ń rìn jù, Lẹ́kkí, Ajáh, Ìkòyí, omi ni ọ̀tá yín. Láti oṣù Kẹrin, ó di oṣù Kẹfà tí òjò bá gbóná, títí dé èyí tó ń padà bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, omi máa ń dúró lórí títì márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Lórí afárá Third Mainland, níbi tí ọwọ́ ti máa ń yá, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ọ̀dà tó láti gbé táyà tó ti ń pá kúrò nílẹ̀. Ẹ máa yí sítíárìn, kò sì ní dáhùn. Fún irú ìrìn yìí, poro tó jìn ló ṣe pàtàkì jù. Má dúró dìgbà tí eyín bá dé 1.6, èmi á pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá dé 3. Táyà tó fẹ̀ ju èyí tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà mọ́ tún máa ń léfòó kíákíá, torí pé omi tó fẹ́ tì kúrò pọ̀.

Tó bá jẹ́ Mẹ́ńláǹdì, kòtò ni. Mùṣin, Agége, Ìkòtún, inú àdúgbò Ṣúrùlérè, ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń jìyà níbẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ wá táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Ti 195/65R15 ga tó mìlímítà 127, ti 205/55R16 jẹ́ 113, ti 225/45R17 jẹ́ 101. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bá Corolla kan náà lọ, torí pé tẹ́ ẹ bá wọn gbogbo ẹsẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo wọn sún mọ́ mìlímítà 632 sí 635. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni iye rọ́bà tó wà láàárín kòtò àti rímù yín.

Rímù onírin àbí alọ́ì

Alọ́ì rẹwà, ó sì sábà máa ń fúyẹ́. Tó bá bọ́ sínú kòtò tó le, ó lè sán. Onírin máa ń tẹ̀ ní tirẹ̀, wọ́n sì lè lù ú padà. Alọ́ì tó ti sán tí wọ́n jó padà, mi ò lè fi mọ̀lẹ́bí mi sínú ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́. Ẹ yí rímù tòkunbọ̀ padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ojú kì í dé, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àbùlẹ̀ wẹ́dà pa mọ́ sí. Mo gbà pé ohun ìyangàn ni rímù ńlá fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin wa, àmọ́ tí owó bá kéré, ẹ fi èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ ra táyà tó dáa.

Rímù kò kàn ń bá ọkọ̀ mu torí pé ihò rẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Bí ihò náà ṣe jìnnà síra ṣe pàtàkì. Corolla tó ti Amẹ́ríkà wá láàárín 2003 sí 2008 máa ń jẹ́ 5x100, ìyẹn ihò márùn-ún lórí òbìrí tó fẹ̀ tó mìlímítà 100. Camry jẹ́ 5x114.3, Accord náà jẹ́ 5x114.3. Ibi tí ẹjọ́ wà nìyí: ihò àárín rímù Accord jẹ́ mìlímítà 64.1, ti Camry jẹ́ 60.1. Rímù Accord á wọ Camry wọ́ọ́rọ́, àmọ́ àlàfo á wà láàárín, sítíárìn á sì máa gbọ̀n tẹ́ ẹ bá ti ń sáré, àfi tí ẹ bá fi òrùka sí àlàfo náà. Rímù Camry kò tilẹ̀ ní wọ Accord.

Nọ́ọ̀tì wá ni èyí tó léwu jù. Nọ́ọ̀tì Toyota àti ti Honda ní ìlà kan náà nínú, wọ́n á yí wọlé láìṣe wàhálà. Àmọ́ ìdí nọ́ọ̀tì rímù alọ́ì Toyota tẹ́jú, ó ní wáṣà. Ìdí ti Honda rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù. Tí ìdí nọ́ọ̀tì kò bá jókòó pẹrẹsẹ sójú ihò rímù, á máa tú díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ra rímù, ẹ béèrè nọ́ọ̀tì tó tọ́ sí i níbẹ̀.

Wíwọ̀ rẹ̀

Tó bá jẹ́ méjì lowó ká, ẹ̀yìn ni kí ẹ kó tuntun sí, ì báà jẹ́ pé táyà iwájú ló ń wa ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà á bá yín jiyàn. Àmọ́ tí iwájú bá yọ̀ nínú omi, ẹ̀yin á mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ ó sì lè dẹwọ́. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ má sì da táyà òtútù pọ̀ mọ́ táyà ooru lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kan náà. Ibi tí ìyẹn ti ń dáni lẹ́jọ́ ni kọ́nà.

Ẹ wò ó bóyá ọfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Rotation. Ibi tó kọjú sí ni táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí. Tó bá jẹ́ Outside ló wà níbẹ̀, ìta ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù, kò wọ́n. Kí wọ́n ṣe bálánsì, lẹ́yìn náà aláínmẹ́ńtì, torí pé táyà tuntun lórí ẹsẹ̀ tó ti wọ́ á jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan kó tó pé oṣù mélòó kan.

Nọ́ọ̀tì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún un dé òpin. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa dì í ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Agbára tí ẹ máa fi di ti Camry àti Corolla, 103 Nm ni. Ṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́ máa ní sípánà tó ń wọn agbára yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rìn tó nǹkan bí kìlómítà 50 sí 100, ẹ padà fi sípánà yẹ̀ wọ́n wò.

Ti afẹ́fẹ́ ló máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìwọ̀n tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, nǹkan bí 30 sí 35 psi lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn sì ni ká wọ̀n ọ́n. Afẹ́fẹ́ tó kéré máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ táyà máa ká ṣáá, kó sì gbóná títí á fi bẹ́. Èyí tó pọ̀ jù á jẹ́ kí àárín nìkan máa jẹ. Ẹ ra géèjì tiyín, torí ti ẹ̀gbẹ́ títì ti jábọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́.

Fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà lókè òkun

Tí ọmọ tàbí àbúrò yín bá pè láti Montreal pé òun fẹ́ ra ọkọ̀, gbogbo ohun tí mo wí lókè yìí á yí padà. Ní Quebec, òfin fi dandan mú táyà òtútù láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Ní Jámánì, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, táyà tó ní àmì òkè oníyìnyín nìkan ni òfin kà sí táyà òtútù nígbà tí ilẹ̀ bá di yìnyín. M+S lásán kò tó mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí irú òfin yẹn. Ibi yòówù kí èèyàn yín wà, tó bá fẹ́ ra táyà òtútù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó rà, kì í ṣe méjì. Rímù onírin kejì fún ìgbà òtútù sì dára, torí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ máa ń jẹ alọ́ì, wọn ò sì ní máa tú táyà kúrò lára rímù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ibẹ̀ ni rímù tó kéré díẹ̀, 16 dípò 17, ti wúlò, tí kò bá ti kan bíréèkì.

Tí wọ́n bá sì ń fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ iwájú, tó jẹ́ ìgbà òtútù ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, táyà òtútù ló máa wọ̀ dé Apápá. Ẹ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì wo sípíà nínú búùtù pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ̀ yẹn gba títì márosẹ̀ lọ sí Ìbàdàn.